Róbọ́ọ̀tì gbé e síbẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ló tò ó

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Murata ní Japan kéde kàpásítọ̀ (ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná díẹ̀) tí wọ́n ní kò tíì sí èyí tó kéré tó o láyé: gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.16, ìbú rẹ̀ 0.08. Fọ́nrán irun orí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìbú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń ṣe háà sí kíkéré rẹ̀. Èmi ń ronú nípa ẹni tí yóò tò ó sórí pánẹ́ẹ̀lì fóònù tí kò ní ṣì í.

Ẹ ó ní róbọ́ọ̀tì ni. Òun ló ń gbé e lóòótọ́. Ó ń fi ẹnu tín-ín-rín kan fa kàpásítọ̀ mu bí ẹni ń fi sítírọ́ọ̀ fa mínírà, a sì gbé e kalẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gbé ju 30,000 lọ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ó máa ń yà bàrá díẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ló ń bá a tún un ṣe.

Ẹ wo omi lórí ewé kókò: kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣe ló ń kó ara rẹ̀ jọ roboto. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́ẹ̀dì tó yọ́. Ó ń lẹ̀ mọ́ ojú bàbà, kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó yí bàbà náà ká. (Lẹ́ẹ̀dì la ṣì ń pè é o, àmọ́ láti 2006 ni Yúróòpù ti fòfin lé òjé kúrò nínú rẹ̀, tánganran, fàdákà díẹ̀ àti bàbà díẹ̀ ló sábà máa ń kù.) Lẹ́yìn tí róbọ́ọ̀tì bá tò ó tán, pánẹ́ẹ̀lì á gba inú ààrò kọjá. Bí ooru ààrò náà bá kọjá ìwọ̀n 217 Celsius, lẹ́ẹ̀dì á yọ́, á kóra jọ, á sì wọ́ kàpásítọ̀ tó yà padà sáyè rẹ̀.

Àwọn ẹnjiníà tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, lójú pópó Ọ̀tìgbà n'Íkẹjà, mọ èyí dunjú. Bí wọ́n bá ń fẹ́ blower sí IC orí pánẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fi ẹ̀mú kékeré tì í. Bó bá sún, tó tún rọra padà sáyè rẹ̀, ó ti lẹ̀ nìyẹn.

Kíkéré yìí ló sọ lẹ́ẹ̀dì di ọ̀gá. Bí gígùn, ìbú àti gíga nǹkan bá dín sí ìdajì, ìwúwo rẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ìfà lẹ́ẹ̀dì lára rẹ̀ kò ní dín ju ìdajì lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí lẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ kan bá tètè yọ́ ju ti èkejì lọ, ó lè fa kàpásítọ̀ dìde dúró ṣánṣán. Àwọn oníṣẹ́ ń fi í wé òkúta orí sàréè.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Olóògbé Florence Seriki, tó kú ní 2017, gbé ilé-iṣẹ́ Omatek kalẹ̀ sí Oregun ní Èkó kí a lè máa to kọ̀ǹpútà nílé. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní títo ẹ̀rọ nílẹ̀ yìí, pánẹ́ẹ̀lì tó ti jiná láti òkè òkun la kàn ń fi súkúrù dè. Lójú tèmi, owó róbọ́ọ̀tì nìkan kọ́ ló ń dá wa dúró láti òpópónà Ọba Akran n'Íkẹjà títí dé Agége. Ẹ rántí ààrò yẹn. Bí iná bá lọ, bẹ́líìtì tó ń gbé pánẹ́ẹ̀lì kọjá nínú rẹ̀ á dúró, èyí tó wà lójú ooru á sì máa yan. Kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde, ó lè ti jóná.