Iná Ẹ̀yìn Fún Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù

Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ ó kó wọ̀ ọ́. Bí píkọ́ọ̀pù bá kó iṣu láti Gwagwalada wọ Garki lóru, tí awakọ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn níbi tí ó ṣókùnkùn, ọmọdé lè wà lẹ́yìn tí kò ní rí. Ìdí nìyí tí a fi ń fi iná kún ti rìfáàsì.

Àwọn rẹ̀wáyà ní abúlé mẹkáníìkì Àpò ní Àbújá mọ iṣẹ́ yìí. Iná méjì oníwáàtì 27 jẹ́ wáàtì 54. Lára bátìrì fóòtì 12, áńpìà 4.5 ni wọn yóò fà. Wáyà rìfáàsì tín-ín-rín, ẹrù yìí pọ̀ fún un. Rílè ni a ó fi ràn án lọ́wọ́. A ó kọ́kọ́ yọ orí bátìrì. Ojú 30 gba agbára láti bátìrì, fíúsì 10 wà láàárín. 87 lọ sára iná. 86 lọ sára wáyà rìfáàsì. 85 àti wáyà kejì iná kan irin ọkọ̀ tí a ti ha ọ̀dà rẹ̀ dànù.

Bí kò bá tàn ńkọ́? Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìṣáná sí ọkọ̀, ẹ ki jíà sí rìfáàsì, kí ẹ tẹ́tí. Bí rílè bá dún kẹ́, ẹ wo fíúsì, gílóòbù àti ibi tí wáyà ti kan irin. Bí kò bá dún, ẹ wo wáyà 86, 85 tàbí súìṣì ara jíà. Bí fíúsì bá ń jó, wáyà kan ti bó. Ẹ wá a rí. Ẹ má fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì, kí ọkọ̀ má baà gbiná.