Àyẹ̀wò Omi Mímu fún Kẹ́míkà Àtọwọ́dá Tí Kì Í Jẹrà

Àyẹ̀wò yìí ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà mọ̀ bóyá kẹ́míkà àtọwọ́dá tí kì í jẹrà wà nínú omi tí àwọn ará ìlú tàbí àdúgbò kan ń mu, àti bí ó ti pọ̀ tó. Àwọn tí a mọ̀ jù lọ nínú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ ni ẹbí tí à ń pè ní PFAS. Omi tí ó ní wọn nínú lè tòrò níní, kí ó má rùn, kí adùn rẹ̀ má sì yàtọ̀ sí ti omi mìíràn. Síse omi kò mú wọn kúrò. Álọ́ọ̀mù àti kiloríìnì kò sì lè ṣe wọ́n ní ohunkóhun. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè fi wọ́n hàn, bẹ́ẹ̀ sì ni àyẹ̀wò kò lè rí ohun tí a kò bá ní kí ó wá.

Ìrísí àti orísun wọn

PFAS kì í ṣe kẹ́míkà kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Ohun tí gbogbo wọn fi jọra ni pé átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù àti ti fúlóríìnì so mọ́ra nínú wọn, ìsopọ̀ yìí sì wà lára èyí tí ó lágbára jù lọ nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń sọ ewé di ilẹ̀dú, kò lè já a. Láti nǹkan bí ọdún 1940 sí 1950 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n nítorí pé omi àti epo kì í lẹ̀ mọ́ wọn. A fi wọ́n ṣe páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, aṣọ òjò, ìwé tí a fi ń di oúnjẹ olóròóró, àti ìfófò tí àwọn panápaná fi ń pa iná epo. Agbára tí ó mú wọn wúlò ni ó sọ wọ́n di ìṣòro. Bí wọ́n bá ti dé inú ilẹ̀, òjò a gbé wọn lọ sínú omi abẹ́ ilẹ̀, wọn a sì ti ibẹ̀ dé inú kànga. Ìtòsí ilé iṣẹ́ tí ó ń lò wọ́n, pápákọ̀ òfurufú, ibùdó ológun àti ààtàn ńlá ni a ti sábà máa ń rí wọn.

Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ara

Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tí ó gbòòrò jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti etí odò Ohio ní Amẹ́ríkà. Ní 1951, ilé iṣẹ́ DuPont tí ó wà nítòsí ìlú Parkersburg, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, bẹ̀rẹ̀ sí í lo PFOA, ọ̀kan nínú ẹbí PFAS. Ní 1984, àyẹ̀wò tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe fi hàn pé PFOA ti wọ inú omi ẹ̀rọ àwọn àdúgbò ìtòsí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn tí ń mu omi náà tó gbọ́. Àwọn ará àdúgbò pe ẹjọ́ ní 2001. Nípasẹ̀ àdéhùn tí a fi yanjú ẹjọ́ náà, nǹkan bí 69,000 ènìyàn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ní 2005 àti 2006, a sì yan onímọ̀ mẹ́ta láti ṣe ìwádìí. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ ní 2012, wọ́n ní ó ṣeé ṣe gan-an kí PFOA ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn mẹ́fà: jẹjẹrẹ kíndìnrín, jẹjẹrẹ kórópọ̀n, àrùn ẹṣẹ́ tairọ́ọ̀dì inú ọrùn, egbò inú ìfun ńlá, ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà oyún, àti àpọ̀jù kòlẹ́sítẹ́róòlù nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2023, IARC, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ka PFOA mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà

Nanogíráàmù nínú lítà omi kan ni a fi ń wọn PFAS. Nanogíráàmù kan nínú lítà kan dà bí ìgbà tí a bá da gíráàmù kan ṣoṣo sínú omi tí yóò kún nǹkan bí ọkọ̀ táńkà 30,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba lítà 33,000. Nítorí pé ìwọ̀n náà kéré tó bẹ́ẹ̀, ohun díẹ̀ láti ara ẹni tí ń bu omi lè ba àyẹ̀wò jẹ́. Ẹni náà kò gbọdọ̀ wọ aṣọ tí omi kì í wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kun ìpara tí ó lè ní PFAS nínú. Yóò ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí omi tí ó ti dúró nínú páìpù lè ṣàn dànù. Ìgò oníke tí kò ní PFAS nínú ni yóò fi gba omi náà. Yóò tún gbé ìgò omi mìíràn dání, tí a ti mọ̀ pé kò ní PFAS. Bí ilé àyẹ̀wò bá rí PFAS nínú ìgò yìí, a mọ̀ pé ọ̀nà ni ó ti wọlé, kì í ṣe inú kànga. Inú yìnyín ni gbogbo ìgò náà yóò wà títí wọn yóò fi dé ilé àyẹ̀wò.

Níbẹ̀, wọn yóò da omi náà gba inú asẹ́ kékeré tí ń gbá PFAS mú, wọn yóò fi kẹ́míkà mìíràn ṣàn wọ́n jáde, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ tí ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀, tí ó sì ń wọn ìwúwo wọn, dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Méjì nínú àwọn ìlànà tí a ń tẹ̀lé ní Amẹ́ríkà, 537.1 àti 533, lè rí oríṣi 29 lápapọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni èyí jẹ́ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí ìwé àbájáde bá sọ pé a kò rí nǹkan kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kò rí èyí tí a wá, tàbí pé ó kéré ju ohun tí ẹ̀rọ náà lè rí lọ.

Àpẹẹrẹ Hoosick Falls

Hoosick Falls jẹ́ ìlú kékeré ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn olùgbé rẹ̀ tó nǹkan bí 3,500. Láàárín 2013 sí 2015, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n wá PFAS mẹ́fà nínú omi gbogbo ibi tí ìpèsè omi ti ń sin ènìyàn tí ó ju 10,000 lọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ìlú kéékèèké. Hoosick Falls kò sí lára wọn. Omi rẹ̀ yege gbogbo àyẹ̀wò tí òfin béèrè. Ní 2014, ọmọ ìlú náà kan, tí jẹjẹrẹ kíndìnrín ti pa bàbá rẹ̀, fi owó ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò omi ẹ̀rọ ilé rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni PFOA tí ó tó 540 nanogíráàmù nínú lítà kan. Ní òpin 2015, ìjọba àpapọ̀ kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má mu omi náà mọ́. Ní 2016, a fi asẹ́ èédú ńlá sí ibi tí wọ́n ti ń pèsè omi ìlú. Ní 2021, àwọn ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn gbà láti san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 65 dọ́là.

Gbèdéke pàápàá kì í dúró lójú kan. Ní 2009, ìwọ̀n tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe ìmọ̀ràn fún PFOA jẹ́ 400 nanogíráàmù nínú lítà kan. Ní 2016 ó di 70 fún PFOA àti PFOS lápapọ̀. Ní 2024 òfin sọ ọ́ di 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní Nàìjíríà

Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Stockholm lórí àwọn kẹ́míkà tí kì í jẹrà ní 2004. Àdéhùn náà fi PFOS kún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2009, ó sì fi PFOA kún un ní 2019. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà omi mímu orílẹ̀-èdè yìí tí ó jáde ní 2007, tí ó pàṣẹ àyẹ̀wò fún kòkòrò àrùn, òjé, asẹ́níìkì àti àwọn nǹkan mìíràn, kò sí gbèdéke kankan fún PFAS. Nítorí náà, kànga ẹ̀rọ tàbí omi inú ọ̀rá lè yege àyẹ̀wò náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá PFAS nínú rẹ̀ rí.

Ohun tí àyẹ̀wò lè tú síta hàn gbangba ní ilẹ̀ Ogoni, ní ìpínlẹ̀ Rivers, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé epo rọ̀bì ni ti ibẹ̀, kì í ṣe PFAS. Ní 2011, UNEP, àjọ ètò àyíká ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, gbé ìwádìí jáde pé ní Nisisioken Ogale, àwọn ènìyàn ń mu omi kànga tí bẹnsíìnì, kẹ́míkà tí ń fa jẹjẹrẹ, pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn lọ ní ìlọ́po 900 ó lé. Ohun àkọ́kọ́ tí UNEP béèrè fún ni pé kí a fi àmì sí àwọn kànga náà, kí a sì pèsè omi mìíràn fún àwọn ará ibẹ̀ kíákíá.

Ohun tí ó yẹ kí ìlú béèrè

Kí a tó bu omi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà ní àyíká kànga: ilé iṣẹ́, ààtàn, tàbí ibi tí wọ́n ti ń fi ìfófò pa iná. Ó yẹ kí a béèrè orúkọ àwọn kẹ́míkà tí ilé àyẹ̀wò yóò wá, ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ tí ẹ̀rọ wọn lè rí, àti ẹni tí àbájáde yóò dé ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá rí PFAS, asẹ́ èédú, asẹ́ tí ń fi èròjà kan pààrọ̀ èkejì, àti ẹ̀rọ tí ń fi agbára ti omi gba inú awọ tín-ínrín lè dín in kù, bí a bá ń pààrọ̀ wọn ní àkókò. Iye owó wọn pọ̀ fún ìdílé kan, nítorí náà ojúṣe ìjọba àti ẹni tí ó ba omi jẹ́ ni. Àbájáde tí ó wà nínú fáìlì, tí àwọn tí ń pọn omi náà kò gbọ́, kò tíì dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ọdún tí àwọn ará àdúgbò ìtòsí Parkersburg fi mu omi lẹ́yìn àyẹ̀wò 1984 jẹ́ ẹ̀rí èyí.