ORÚKỌ IṢẸ́ ÌDÍLÉ ÀTI ÌWÉ OWÓ WA

Ìpàdé tó kọjá gbóná díẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan mú ìwé owó rẹ̀ wá, ó ní owó oṣù méjì òun kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, inú ìwé ẹlòmíràn la kọ ọ́ sí. Orúkọ àwọn méjèèjì bára mu, ọmọ onílù sì làwọn méjèèjì. Ẹ̀bi wa ni. A ti tọrọ àforíjì, a sì ti tún un ṣe.

Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá gbọ́ Àyándélé, ilé onílù ni. Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ; Ọ̀jẹ́níyì, ilé eégún; Ògúndélé, ilé alágbẹ̀dẹ tàbí ilé ọdẹ. Láyé àtijọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀. Oríkì àti agbo ilé la fi ń mọ ìdílé. Ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ orúkọ bàbá di orúkọ ìdílé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ẹni tó ń jẹ́ Àyán tí kò di kọ̀ǹgọ́ mú rí, tó jẹ́ pé mọ́tò ló ń wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Jámánì. Schmidt, alágbẹ̀dẹ ni, Weber, ahunṣọ, Fischer, apẹja. Müller, ẹni tó ń lọ ọkà, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Schulze ní tirẹ̀, olórí abúlé ni, tó ń sọ fún ará ìlú pé kí wọ́n san ohun tí wọ́n jẹ ẹni tó ni ilẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kàn wá. Hermann Schulze (1808 sí 1883) wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Jámánì. Ní 1849 ó kó àwọn aránbàtà jọ kí wọ́n lè máa ra ohun èlò iṣẹ́ pọ̀. Ní 1850 ó dá ẹgbẹ́ ayánilówó sílẹ̀. Àbẹ́ ò rí i, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé kí á san gbèsè! Nígbà tó wọ ilé aṣòfin Prussia ní 1848, àwọn Schulze pọ̀ níbẹ̀, ni wọ́n bá fi orúkọ ìlú rẹ̀, Delitzsch, kún tirẹ̀ kí wọ́n má baà ṣì í mú.

Ohun tí àwa náà fẹ́ ṣe nìyẹn. Ẹ mú orúkọ àbísọ, orúkọ bàbá àti agbo ilé yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi Olú rọ́pò Àyán tàbí Ògún, a ò bá yín jà. Ẹ ṣáà mú ìwé ìbúra kóòtù wá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ dúró fún ẹni tó yáwó. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ láti Àbíjàn, ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ẹgbẹ́ gẹ́lẹ́. Owó tí èèyàn fi òógùn kó jọ, kó má ṣe bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn nítorí orúkọ.