Kí ló dé tí abiyamọ inú ewì yìí fi ń bá atẹ́gùn sọ̀rọ̀?

Obìnrin kan jókòó sí ọgbà ìgbafẹ́ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Aṣọ tó wọ̀ kì í ṣe èyí tó wà lóde mọ́. Méjì nínú àwọn ọmọ náà ń ké, wọ́n ń bára wọn jà. Ẹ̀kẹta ń ya ohun tí kò nítumọ̀ sórí ilẹ̀. Ọkùnrin kan tí obìnrin náà ti nífẹ̀ẹ́ rí bá ń kọjá lọ.

Bí ewì In the Park ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gwen Harwood, akéwì ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà tí wọ́n bí ní 1920, ló kọ ọ́. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin lòun náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìròyìn The Bulletin gbé ewì náà jáde ní 1961, Walter Lehmann ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ni ín. Ẹ gbọ́ o, orúkọ ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ abiyamọ fi jáde! Harwood ló fúnra rẹ̀ yan orúkọ yẹn, ó sì ní irú ẹ̀ mélòó kan.

Ìlà 14 péré ni gbogbo ewì ọ̀hún. Àwọn méjèèjì dúró sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ, wọ́n sọ ọjọ́ ìbí wọn. Orúkọ ọmọ ni wọ́n ń sọ. A ò gbọ́ orúkọ ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́dọ̀ tiwa, iyì ni tí wọ́n bá ń pe obìnrin ní Ìyá Báyọ̀, inú ẹ̀ á sì máa dùn. Nínú ewì yìí, ńṣe ló dà bíi pé ẹni tó wà kí ọmọ tó dé ti sọnù.

Níṣojú ọkùnrin náà, obìnrin yìí ní ó dùn mọ́ òun láti máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ìgbà tónítọ̀hún lọ tán ló tó sọ fún atẹ́gùn pé kò ku nǹkan kan mọ́ lára òun.

Kò lè sọ ọ́ fún èèyàn. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ kan níhìn-ín sọ pé ó ti sú òun, kẹ́ ẹ wá gbọ́ èsì: "Ṣebí àwọn kan ń fomijé wá a." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó rí oorun wákàtí kan sùn.

Àwọn kan máa ń ka ewì náà bíi pé obìnrin yìí kórìíra ọmọ. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọgbà táwọn ẹlòmíì ti ń gbafẹ́ ti di ibi iṣẹ́ fún un, síbẹ̀, lásìkò tó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ọmọ tó kéré jù wà lọ́wọ́ ẹ̀.