Adéníyì Thomas àti Àwọn Ọmọ Adúláwọ̀ Tí Wọ́n Fi Òfuurufú Jagun

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò jẹ mọ́ Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ogun Hítílà. Bí a bá dárúkọ ogun náà, ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni ó máa ń sọ sí wa lọ́kàn: àwọn tí wọ́n lọ sí Bọ́mà, tí wọ́n sì ru ẹrù gba inú igbó kìjikìji kọjá. Àpẹẹrẹ wọn kò tíì parẹ́ ní àdúgbò wa. Ẹni tí ó bá gba títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì yóò rí bárékè ńlá tí ó wà ní Ọ̀jọ́. Abẹ́ Ìpín 81 ti Ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun Nàìjíríà ni agbègbè náà wà, láti ara Ìpín 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó jà ní Bọ́mà ní 1944 sí 1945 ni a sì ti mú orúkọ náà.

Ṣùgbọ́n ogun yẹn kò mọ sí orí ilẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ ọmọ wa kankan wà nínú àwọn tí wọ́n fi òfuurufú jà á? Bí ó bá wà, kí ni ó dé tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀jọ́, ní Ìbá àti ní Òkòkòmáíkò kò fi mọ orúkọ rẹ̀?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Oríṣi bàálù ogun méjì ni ó gbajúmọ̀ jù lọ nígbà náà. Èkínní ni èyí tí ń ju bọ́ǹbù. Bàálù ńlá bíi Halifax a máa gbé ènìyàn 7: ọ̀kan ń wà á, ọ̀kan ń tọ́nà, ọ̀kan ń tọ́jú ẹ̀rọ, ọ̀kan wà nídìí wáyálẹ́sì, ọ̀kan ń ju bọ́ǹbù, àwọn méjì sì wà nídìí ìbọn. Èkejì ni bàálù ìjà, bíi Spitfire àti Hurricane. Ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ń wọ inú ìyẹn. Òun ni awakọ̀, òun ni olùtọ́nà, òun náà sì ni oníbọn. Ìbọn 8 ni wọ́n tò sí apá bàálù náà, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ń yìn ín láìdúró, ọta kò lè lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ. Nítorí náà, ó di dandan kí ó sún mọ́ ọ̀tá pẹ́kípẹ́kí kí ó tó yìnbọn, kí ó sì tètè yà kí ẹlòmíràn má baà bá a láti ẹ̀yìn. Láti July 10 sí October 31, 1940, nígbà tí Jámánì fẹ́ ṣẹ́gun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti òfuurufú, àwọn tí wọ́n wọ bàálù lọ dojú kọ wọ́n kò tó 3,000. Àwọn 544 ni wọ́n kú nínú ìjà náà.

Àwọn bàálù ìjà wọ̀nyí kò jìnnà sí wa bí a ti rò. Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní June 1940, ojú òkun Mẹditaréníà di eléwu. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí di Hurricane sínú àpótí, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá sí Tákóràdí ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀. Láti September 1940, wọ́n ń fò wọ́n láti Tákóràdí wá sí Èkó, ìrìn nǹkan bí 380 máìlì. Láti Èkó lọ sí Kánò àti Máídúgùrì. Láti ibẹ̀ la ilẹ̀ Sùdáànì já títí dé Káírò. Bàálù tí ó gba ọ̀nà yìí lé ní 5,000 kí ọdún 1943 tó parí. Ẹni tí ó bá na okùn tààrà lórí àwòrán ilẹ̀ láti Tákóràdí sí Èkó yóò rí i pé ìtòsí Àgbádárìgì àti Ọ̀jọ́ ni okùn náà gbà. Orí ilẹ̀ Àwórì ni ohun ìjà náà ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, pàápàá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ Pólàńdì, ni wọ́n ń wà wọ́n.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, òfin Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí R.A.F., ni pé ẹni tí yóò di ọ̀gá nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ òyìnbó pọ́ńbélé, láti ìran bàbá àti ti ìyá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé kíkà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera tàbí ìgboyà. Àwọ̀ ara ni. Ní October 1939, nígbà tí ogun ti dé, ìjọba ká òfin náà kúrò nílẹ̀, wọ́n sì ní títí ogun yóò fi parí ni.

Ẹnu ọ̀nà yìí ni Emanuel Peter John Adéníyì Thomas gbà wọlé. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1914. Bàbá rẹ̀, Peter John Claudius Thomas, jẹ́ Sàró, oníṣòwò ńlá tí ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣòwò Èkó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Stella Thomas, ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1933. Ní 1943, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé tí wọ́n ti ń já ọ̀nà tí ẹnìkan kò tíì rìn rí ni Adéníyì ti wá.

Ó dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1941, ó kọ́ṣẹ́ bàálù wíwà, ó sì yege. Ní 1942, wọ́n fi í jẹ oyè ọ̀gá nínú R.A.F., adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní January 1945, jàǹbá bàálù pa á. Ogun Yúróòpù parí ní May 8, ọdún kan náà. Kò ku oṣù mẹ́rin. Kì í ṣe iye bàálù ọ̀tá tí ó já lulẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni ìrántí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jókòó sí ibi tí òfin ti sọ pé irú rẹ̀ kò lè jókòó, ó sì ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ títí ikú fi dé.

Òun nìkan kọ́. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà, wà nídìí wáyálẹ́sì àti ìbọn nínú Halifax kan ní ẹgbẹ́ 76, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ D.F.C. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ òyìnbó kọ “Achtung! The Black Prince” sí ara bàálù náà ní ìrántí rẹ̀. John Smythe, ọmọ Fíítáùn, jẹ́ olùtọ́nà. Ní November 1943, Jámánì já bàálù wọn lulẹ̀. Ó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì mú un lẹ́rú ogun títí di 1945. Ó padà wá di Agbẹjọ́rò Àgbà ilẹ̀ Sierra Leone. Kí a má gbàgbé pé nínú nǹkan bí 125,000 tí wọ́n bá bàálù abọ́ǹbù R.A.F. lọ, ó lé ní 55,000 tí wọ́n kú.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní ẹrú ni ó ń ja ogun olówó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní August 1941, Roosevelt àti Churchill gbé ìwé kan jáde tí ó ní gbogbo ènìyàn ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yan irú ìjọba tí ó wù wọ́n. Ẹgbẹ́ WASU, tí Ládìpọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, bèèrè bóyá àwa náà wà nínú rẹ̀. Attlee dá wọn lóhùn pé ti gbogbo ènìyàn ni. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Churchill sọ nílé aṣòfin pé àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí ó wà lábẹ́ Hítílà ni ìwé náà ń bá wí. Ọdún yẹn gan-an ni Thomas dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ṣẹ́ ogun. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti wa bàálù, tí ó ti tọ́nà lóru láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Jámánì, kò sí ẹni tí ó tún lè sọ fún un pé kò tó ìlú rẹ̀ ṣe àkóso. Ohun tí wọ́n ṣe lófuurufú di ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tí ń jà fún òmìnira nílé.

Nígbà tí òmìnira dé, a dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1964. Síbẹ̀, nígbà ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970, àwọn àjèjì ni ó pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wa bàálù ìjà MiG-17 wa. Ìmọ̀ kì í dé lọ́jọ́ kan. Ní October 2019, Kafayat Sanni di obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ń wa bàálù ìjà, Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọ Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, sì di àkọ́kọ́ tí ó ń wa hẹlikópítà ogun. Arótilé kú ní July 14, 2020, ní ọmọ ọdún 24.

Ẹ̀yin olùkọ́, odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fa ìlà ọ̀nà Tákóràdí sórí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n sì fi àmì sí Ọ̀jọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìbéèrè mẹ́ta yìí síwájú wọn. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí kò ní òmìnira jà fún òmìnira ẹlòmíràn? Kí ni ó mú kí orúkọ àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà wà lára bárékè, tí orúkọ àwọn tí ó fò kò sì sí níbì kankan ní àdúgbò wa? Bí ẹ bá ní agbára láti fi orúkọ Adéníyì Thomas sọ nǹkan kan lórí, kí ni ẹ óò fi sọ?