Ṣé O Mọ̀? Òkúta Ìlọrin àti Òfin Ohun Àtijọ́

Ṣé o mọ̀ pé òkúta tí Ìlọrin ti gba orúkọ ṣì wà láàárín ìlú? Agbo ilé Bándélé ní Ìdí-Àpẹ ló wà. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Òjó ló ń pọ́n irin lórí rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Kwara tí Ìlọrin wà yìí náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà? Ìlú Ẹsìẹ́ ni, ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, òmíràn jókòó sórí àpótí, òmíràn mú idà dání. Àwọn àgbà Ẹsìẹ́ ní àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ni orí wọn ti kán. Òfin tó dáàbò bo ohun àtijọ́ kò sì dé títí di ọdún 1953: ilé fi ọdún 8 ṣáájú òfin!

Òfin tí à ń lò báyìí, ti ọdún 1979 ni. Iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe kó tó di ọdún 1918, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni lójú òfin náà. Bí o bá ń gbẹ́ ilẹ̀, tí ọkọ́ rẹ kan ère àtijọ́, ọjọ́ 7 péré lo ní láti fi tó NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, létí.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba kéde pé ilé kan di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè nìkan kì í gbà á là. Ilojo Bar ní Tinúbú, l'Ékòó, tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ọdún 1855, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Àdánù ńlá gbáà ni.

Òfin ohun ìrántí kì í rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Alabama, l'Amẹ́ríkà, ọjọ́ orí ni òfin ọdún 2017 wò: ohun ìrántí tó bá ti pé 40 ọdún lórí ilẹ̀ ìjọba, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí i nípò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò san ìtanràn 25,000 dọ́là. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba gbọ́dọ̀ dárúkọ nǹkan náà, kó sì kéde rẹ̀, kó tó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìwé òfin ọdún 1999 fi agbára lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ohun àtijọ́ tí Àbújá kò bá tíì sọ di ti orílẹ̀-èdè, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lé e lórí.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ Ìlọrin, bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà ní agbo ilé yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kwara kí katapílà tó dé.