Ọmọ Iṣẹ́ Kì í Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ní Ìrèlé-Èkìtì níhìn-ín, bí ọmọbìnrin bá jáde ìwé tán, a ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó lọ kọ́ aṣọ rírán." Ó dára. Ṣùgbọ́n òmíràn a lo ọdún kan gbáko lọ́dọ̀ ọ̀gá, omi ni yóò máa pọn, ọmọ ọ̀gá ni yóò máa gbé pọ̀n, kò ní fọwọ́ kan máṣíìnì. Ọjọ́ fìrídọ̀mù dé, òbí tún ń wá owó kiri. Ẹ wá wo bùbá tí ọmọ náà gé, ọrùn rẹ̀ wọ́!

Ní ilẹ̀ Jámánì, òfin ọdún 1969 ti là á sílẹ̀ pé ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn. Ọmọ náà a máa wà ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ mìíràn, a sì máa lọ sí ilé-ìwé iṣẹ́ ní ọjọ́ mìíràn. Ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ fún un ní iṣẹ́ tí kò bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu. Ọ̀gá náà ni ó sì ń san owó oṣù fún un. (Àwọn ọ̀gá tiwa yóò rẹ́rìn-ín.)

Nàìjíríà náà gbìyànjú. Àjọ NDE, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1986, fi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì ń sanwó fún ọ̀gá. Ìdánwò Trade Test ìjọba àpapọ̀ sì wà, onípele mẹ́ta. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá lè ṣe é, ìyá ọlọ́mọ pàápàá.

Nítorí náà, kí ẹ tó fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀: ọdún mélòó, èló ni fìrídọ̀mù, oṣù wo ni yóò jókòó sídìí máṣíìnì.